Íńtáfíù ẹnjiníà sọ́fítíwià ní Google, Amazon àti àwọn ẹgbẹ́ wọn: bí ẹ ṣe máa múra, títí dé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sí mi ṣáá, láti Yábàá, láti Ìbàdàn, láti Manchester: “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe lè wọ Google?” Àwọn mìíràn nínú wọn ti kọ kóòdù fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Síbẹ̀ wọ́n ti ṣe íńtáfíù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kò bọ́ sí i. Tí mo bá ní kí wọ́n rò fún mi bó ṣe lọ, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ máa ń já sí. Wọ́n mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n inú wọn ni wọ́n pa á mọ́ sí.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Níbi íńtáfíù àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi rí ojútùú ìṣòro tí wọ́n gbé ka iwájú mi. Mo wá dákẹ́, mo ń tẹ kóòdù lọ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Kóòdù náà ṣiṣẹ́. Wọn ò gbà mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á, ohun náà gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń ka ìtọ́sọ́nà yìí: ẹni tó bi yín ní ìbéèrè máa jókòó lẹ́yìn íńtáfíù, á kọ ìròyìn nípa yín, ìròyìn yẹn ló sì máa gbà yín síṣẹ́ tàbí kó dá yín padà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

## Ta ló ń pinnu?

Ní Google, olùbéèrè kò lè dá gbà yín síṣẹ́. Oníkálukú wọn á kọ ohun tó rí, á fi máàkì sí i, recruiter (òṣìṣẹ́ tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá èèyàn) á kó gbogbo rẹ̀ jọ pẹ̀lú CV yín, á gbé e fún ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ yìí kò rí yín rí. Wọn ò gbọ́ ohùn yín, wọn ò mọ bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ìwé ni wọ́n ń kà.

Ní Amazon, àwọn olùbéèrè máa ń pàdé lẹ́yìn íńtáfíù láti fẹnu kò. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Bar Raiser. Inú tíìmù mìíràn ló ti wá, kò sí ohun tó kàn án bóyá tíìmù tó ń wá èèyàn ń kánjú, bó bá sì ní rárá, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó yí i padà. Ti Microsoft sún mọ́ ọwọ́ máníjà tó fẹ́ gba èèyàn ju ti Google lọ. Ibi yòówù kó jẹ́, àkọsílẹ̀ ló ń rojọ́ yín nígbà tí ẹ ò sí níbẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: CV àti ẹni tó máa gbé e wọlé

1. Ojú ewé kan ni kí CV yín jẹ́. Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó lè di méjì.
2. Ẹ yọ àwọn nǹkan tí wọ́n kọ́ wa láti kọ sí CV nílé. Fọ́tò, ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀ tí ẹ ti wá, ẹ̀sìn, bóyá ẹ ti ṣègbéyàwó, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn ò nílò ọ̀kan kan níbẹ̀.
3. Kí gbòlóhùn kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí ẹ̀yin ṣe, bí ẹ ṣe ṣe é, àti ohun tó yí padà, pẹ̀lú iye. Bí CV bá ní “mo wà lára àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìsanwó”, kò sí ohun tí èèyàn lè rí dì mú níbẹ̀. Ẹ wá wo èyí: “Mo tún ọ̀nà tí ẹ̀rọ ìsanwó fi ń ka dátábéèsì kọ, àkókò ìdáhùn sì já láti ìṣẹ́jú-àáyá 4 sí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá.” Ẹni tó bá ka èyí ti ní ìbéèrè tó fẹ́ bi yín.
4. Ẹ má kọ èdè kọ̀ǹpútà tí ẹ ò lè fi dáhùn ìbéèrè. Ohun tó bá ti wà lórí CV, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín nípa rẹ̀.
5. Ẹ wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó gbé orúkọ yín sílẹ̀. Èyí kì í sọ íńtáfíù di rírọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ojú èèyàn kan CV náà.

Lórí nọ́ńbà karùn-ún yìí, mo fẹ́ kí ẹ ṣe sùúrù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun máa ń rí báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe níbi iṣẹ́ yín. Olúwa á bùkún yín.” Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbìyànjú irú èyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ Java ní ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan ní Èkó. Mo rí ààyè iṣẹ́ yìí ní ọ́fíìsì yín ní Dublin, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. CV mi wà nínú ímeèlì yìí. Mo kọ gbólóhùn mẹ́ta sísàlẹ̀ tí ẹ lè dà kọ bí wọ́n bá bi yín nípa mi. Bí kò bá rọrùn fún yín, kò sí wàhálà rárá, mo dúpẹ́.”

Ẹ ti bá a ṣe iṣẹ́ tán. Kí ó kàn tẹ bọ́tìnnì ló kù.

Ìkìlọ̀ lórí gbájúẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ yìí tó ń gba owó fọ́ọ̀mù, owó íńtáfíù tàbí owó láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ẹ wo ohun tó kẹ́yìn àmì @ nínú ímeèlì tó wọlé. Bó bá ní Google ni òun ti wá, tó sì ń lo Gmail lásán, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ lọ wo ojú òpó iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín kí ẹ rí i bóyá ààyè náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní WhatsApp nìkan ni wọ́n máa fi ṣe íńtáfíù tí wọ́n sì fẹ́ nọ́ńbà BVN yín, ẹ sá.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ìpè recruiter

Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, kò sì ní kóòdù nínú. Recruiter kì í ṣe ọ̀tá yín. Ó fẹ́ kí ẹ yege, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ náà ni kí ààyè yẹn kún. Ẹ bi í léèrè:

- Íńtáfíù mélòó ló wà, kí sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan dá lé?
- Ìpele wo ni wọ́n ń wò mí fún? (Ní Google, L3 ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé, L4 àti L5 ń tẹ̀ lé e.)
- Ṣé mo lè yan èdè kọ̀ǹpútà tó wù mí?
- Orí ìwé lásán ni mo ti máa kọ kóòdù, àbí ibi tó ti lè ṣiṣẹ́?
- Ṣé ilé-iṣẹ́ máa ń ṣètò físà fún ààyè yìí?

Bó bá bi yín pé èló ni ẹ fẹ́ gbà, ẹ má dárúkọ iye kankan. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ mọ ìpele náà àti gbogbo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn ná, kí ẹ sì bi í pé èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpele yẹn. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe wá bíi pé àìgbọràn ni. Rárá o. Ẹni tó bá gbé owó Èkó lọ dárúkọ ní London ti gé ara rẹ̀ kúrú kí wọ́n tó wọn aṣọ rẹ̀.

Ẹ béèrè àkókò pẹ̀lú. Bí ẹ bá ní ẹ nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láti múra, wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹni tó bá ní “ọ̀la náà dáa” kò gba máàkì kankan kún un.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ìmúrasílẹ̀

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tó ń fi wákàtí kan àbọ̀ kọ́ ọ lálaalẹ́, mo máa ń ní kó fi ọkàn sí oṣù méjì àbọ̀ sí mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹrin. Àwọn ọ̀nà ìpìlẹ̀ tí a fi ń to dátà àti tí a fi ń wá nǹkan nínú rẹ̀: array, string, hash map (bí ìwé àkọsílẹ̀ tí èèyàn ti lè rí nǹkan kíá), two pointers, stack, queue, linked list, binary search. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá: ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá àwọn wọ̀nyí lọ bá dynamic programming (pípín ìṣòro ńlá sí kéékèèké, kí a sì máa tọ́jú ìdáhùn wọn), orí hash map ni wọ́n sì máa ṣubú sí.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹjọ. Tree, graph, BFS àti DFS (ọ̀nà méjì tí a fi ń rin graph já), heap, recursion àti backtracking. Lẹ́yìn náà, dynamic programming tó rọrùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án síwájú. Íńtáfíù àfidánrawò pẹ̀lú èèyàn gidi, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìyókù àkókò, ìtàn iṣẹ́ yín, tí mo máa sọ níwájú.

Bí ẹ ṣe máa lo ìṣòro kọ̀ọ̀kan lórí LeetCode, ojú òpó tí èèyàn ti ń fi ìṣòro kóòdù dánra wò, nìyí:

1. Ẹ ṣe aago sí ìṣẹ́jú 35.
2. Ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń rò jáde, kódà bí ẹ̀yin nìkan bá wà nínú yàrá. Kí ará ilé má bàa rò pé nǹkan ṣe yín, ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀.
3. Ẹ kọ kóòdù náà sínú Google Docs, níbi tí kò ti sí ohun tó ń bá yín parí ọ̀rọ̀ tàbí tó ń fi àṣìṣe hàn yín.
4. Bí aago bá dún tí ẹ ò tíì rí i, ẹ ka ojútùú, ẹ pa á dé, ẹ tún un kọ láti orí.
5. Ẹ padà sí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìṣòro 120 tí ẹ lè ṣàlàyé fún àbúrò yín sàn ju 500 tí ẹ há sórí lọ. Olùbéèrè kan ṣoṣo tó bá yí ìbéèrè padà díẹ̀ ti tó láti tú àhásórí ká.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: nínú yàrá íńtáfíù kóòdù

Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n sábà máa ń fún yín. Ní Meta (ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook), ìbéèrè méjì ni wọ́n sábà máa ń retí pé kí ẹ parí láàárín rẹ̀, nítorí náà eré gba eré níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan tó gbajúmọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ká rìn ín pọ̀.

Wọ́n ní: “Iye owó ọjà nìyí nínú lísìtì: 350, 1,500, 700, 2,300, 1,200. Wá méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 1,900.”

Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́: ẹ bi í ní ìbéèrè. Ṣé mo lè lo ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Ṣé iye tó kéré ju òdo lè wà níbẹ̀? Bí ọjà méjì bá ní iye kan náà ńkọ́? Bí kò bá sí méjì tó bá a mu, kí ni kí n dá padà? Báwo ni lísìtì náà ṣe lè gùn tó? Ẹnikẹ́ni tó bá bi irú èyí, olùbéèrè ti ní nǹkan kọ: “ó ṣe ìwádìí kó tó bẹ̀rẹ̀.”

Ìṣẹ́jú 5 tó tẹ̀ lé e: ẹ sọ ọ̀nà tó ṣe tààrà, kódà bí kò bá dára. “Mo lè mú ọjà kọ̀ọ̀kan, kí n fi wé gbogbo èyí tó kù.” Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye sọ àléébù rẹ̀ fúnra yín. Bí lísìtì náà bá ní ọjà 100,000, ìfiwéra náà máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 5. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní O(n²): bí lísìtì bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ wá gbé ọ̀nà tó dára jù kalẹ̀, kí ẹ sì dúró gba àṣẹ. “Dípò bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ rin lísìtì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n máa kọ ohun tí mo ti rí sínú hash map. Bí mo bá dé orí 350, 1,550 ni mo nílò. Kò sí nínú ìwé mi, mo kọ 350 sílẹ̀. Mo dé orí 1,500, 400 ni mo nílò, kò sí. Mo dé orí 700, 1,200 ni, kò tíì sí. 2,300 ti ju àròpọ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n ẹ ní iye tó kéré ju òdo lè wà, nítorí náà mi ò ní fò ó. Mo dé orí 1,200, 700 ni mo nílò, ó ti wà nínú ìwé mi. Mo ti rí i.” Ìrìn 100,000 péré dípò bílíọ̀nù 5, àmọ́ a máa lo ààyè púpọ̀ sí i nínú mẹ́mórì. Ẹ bi í pé: “Ṣé kí n kọ ọ́ báyìí?”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ 2,300 yẹn dáadáa. Ẹni tí kò bi ìbéèrè kejì á fò ó, kóòdù rẹ̀ á sì kùnà bí wọ́n bá fi -400 kún lísìtì náà. Ohun kékeré tó ń ya ẹni tí wọ́n gbà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wọ́n dá padà nìyẹn.

Ìṣẹ́jú 20: ẹ kọ ọ́, kí ẹnu yín má dúró. Kò pọn dandan kí ẹ ka gbogbo ìlà. Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyókù: ẹ fi ọwọ́ dán an wò. Ẹ mú lísìtì òfìfo, lísìtì tó ní ọjà kan ṣoṣo, àti lísìtì tó ní 950 méjì. Ẹ fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí àṣìṣe fúnra yín, ẹ má tijú, èrè ló jẹ́ fún yín.

Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí lára àwọn èèyàn wa jù lọ:

- Wọ́n ń sọ “yes sir” sí gbogbo ohun tí olùbéèrè bá sọ. Orúkọ àkọ́kọ́ ni kí ẹ pè é. Bó bá sọ ohun tí kò dá yín lójú, ẹ bi í pé “kí ló mú yín rò bẹ́ẹ̀?” Wọ́n fẹ́ rí i pé ẹ lè bá ẹlẹgbẹ́ yín jiyàn láìjà.
- Wọ́n ń kọ ìrànlọ́wọ́. Bí olùbéèrè bá sọ pé “ṣé o rò pé tító lísìtì náà lẹ́sẹẹsẹ lè wúlò?”, ọwọ́ ló nà sí yín. Ẹ gbà á, ẹ tẹ̀ lé e.
- Wọ́n ń díbọ́n pé ìbéèrè tí wọ́n ti ṣe rí jẹ́ tuntun sí wọn. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti ṣe é rí. Òótọ́ yẹn náà máa ń wọ inú ìròyìn.
- Wọ́n ń lo AI níkọ̀kọ̀. Ojú tó ń lọ sọ́tùn-ún ka nǹkan kì í pamọ́. Ní 2025, Sundar Pichai, ọ̀gá àgbà Google, sọ pé wọ́n ń fẹ́ kí ó kéré tán ìpele íńtáfíù kan jẹ́ ojúkojú. Ẹni tó bá fi AI gbà á dé ibẹ̀ á bá ara rẹ̀ níwájú pátákó pẹ̀lú ìkọ̀wé lọ́wọ́.

## Tí wọ́n bá fi system design (bí ẹ ṣe máa ṣètò ẹ̀rọ ńlá kan) kún un

Ó wọ́pọ̀ fún L5 sókè, ó sì lè kan ìpele tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ya àpótí káàkiri. Ẹ ṣírò ná. Bí èèyàn mílíọ̀nù 10 bá wà, tí oníkálukú wọn ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ 20 ránṣẹ́ lójúmọ́, mílíọ̀nù 200 nìyẹn. Ẹ pín in fún ìṣẹ́jú-àáyá 86,400 tó wà nínú ọjọ́ kan, ó jẹ́ bíi 2,300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta fún ìgbà tí èrò bá pọ̀. Iye yìí ló máa sọ bóyá dátábéèsì kan tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan nǹkan kan, ẹ sọ ohun tí ẹ pàdánù nítorí pé ẹ yàn án.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìtàn iṣẹ́ yín, níbi tí “a” ti ń pa wá lára

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n tọ́ wa pé kí a má yin ara wa. Bí iṣẹ́ bá dára, a ní “a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run”, a ní “gbogbo wa la ṣe é”. Ìwà tó dára ni, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n bí olùbéèrè bá ní “sọ iṣẹ́ kan tó le tí o ṣe fún mi”, tí ẹ sì ní “a rí i pé ìsanwó ń kùnà, a tún un ṣe, inú kọ́sítọ́mà dùn”, kí ni kó kọ? Kò mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ tún un ṣe tàbí ẹ kàn jókòó níbẹ̀.

Bí ìtàn kan náà ṣe yẹ kó rí nìyí: “Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, kọ́sítọ́mà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé owó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo wà lẹ́nu ìṣọ́. Mo kọ́kọ́ dá ọ̀nà ìsanwó yẹn dúró, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀gá mi, nítorí ó sàn kí owó má wọlé fún wákàtí kan ju kí a máa gba ti ẹni ẹlẹ́ni. Mo yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wò, mo rí i pé bí nẹ́tíwọ́kì bá já, ẹ̀rọ wa ń tún ìbéèrè kan náà fi ránṣẹ́ láì ní nọ́ńbà tí báńkì lè fi dá a mọ̀. Mo fi nọ́ńbà náà kún un. Ẹlẹgbẹ́ mi ló dá owó àwọn tó ti jáde padà. Kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ohun tí mo kọ́ ni pé ó yẹ kí n ti dán ìgbà tí nẹ́tíwọ́kì ń já wò láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ẹ rí i pé ẹlẹgbẹ́ náà kò sọnù nínú ìtàn. A fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀, a sì gba tiwa.

Ẹ múra ìtàn mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò tí nǹkan wà, ohun tó já lé yín léjìká, ohun tí ẹ ṣe, àti àbájáde. Kí ó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ rí i pé wọ́n kárí àwọn wọ̀nyí:

- iṣẹ́ tó kùnà, tí ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ tiyín ní tòótọ́ (ẹ má ní “mo máa ń ṣiṣẹ́ jù”)
- ìgbà tí ẹ ò fara mọ́ ohun tí ọ̀gá yín sọ
- ìgbà tí àkókò kò tó, tí ẹ ní láti fi nǹkan kan sílẹ̀
- ìgbà tí ẹ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́
- ìpinnu tí ẹ ṣe láìní gbogbo ìsọfúnni lọ́wọ́

Ti Amazon le jù nínú èyí. Wọ́n ní ìlànà aṣáájú 16. 14 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n fi méjì kún un ní 2021. Gbogbo olùbéèrè ni wọ́n máa ń pín díẹ̀ nínú rẹ̀ fún. Ẹ ka gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì so ìtàn méjì mọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀rọ̀ àìfara mọ́ ọ̀gá máa ń wúwo lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ìlànà kan wà níbẹ̀ tó béèrè rẹ̀ ní pàtó. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún ọ̀gá yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rí ni kí ẹ rò, kí ẹ sì fi kún un pé nígbà tí ìpinnu jáde, ẹ fi gbogbo ọkàn bá wọn ṣe é.

## Ọjọ́ íńtáfíù: àyẹ̀wò kíákíá

- [ ] Iná. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé NEPA. Kí láptọ́ọ̀pù kún, kí inverter kún. Jẹnẹrétọ̀ máa ń pariwo, ẹ lò ó bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.
- [ ] Dátà. Kí nẹ́tíwọ́kì méjì tó yàtọ̀ síra wà nílẹ̀, kí fóònù kan ti wà ní sẹpẹ́ fún hotspot.
- [ ] Nọ́ńbà recruiter lórí bébà, bí gbogbo ẹ̀ bá já.
- [ ] Aago. Àkókò Nàìjíríà kì í yí padà, tiwọn ń yí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago kan náà ni Èkó àti London. Nígbà òtútù, Èkó fi wákàtí kan ṣíwájú. California fi wákàtí 8 wà lẹ́yìn wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, 9 nígbà òtútù.
- [ ] Omi, bébà, kálámù.
- [ ] Ìbéèrè méjì fún olùbéèrè. Ẹ bi í pé kí ló le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wọlé padà, ẹ ní “ẹ má bínú, nẹ́tíwọ́kì já, ibi tí mo dé nìyí”, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

## Tí ọ́fà (ìwé ìgbanisíṣẹ́) bá dé

Ẹ dúpẹ́, ẹ béèrè fún un ní kíkọ, ẹ má gbà á lórí fóònù. Owó oṣù, bónọ́ọ̀sì, owó ìwọlé (èyí tí wọ́n ń fún yín nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́) àti ṣíà ilé-iṣẹ́ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ṣíà ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń pín in sí, kò sì dọ́gba níbi gbogbo. Ètò tí Amazon ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìdá 5 nínú 100 lọ́dún kìíní, 15 lọ́dún kejì, 40 lọ́dún kẹta, 40 lọ́dún kẹrin. Bí wọ́n bá ní ṣíà $80,000, $4,000 péré ló máa wọlé lọ́dún kìíní bí iye rẹ̀ kò bá yí padà, $12,000 lọ́dún kejì. Owó ìwọlé ni wọ́n fi ń dí àlàfo yẹn. Ẹ máa fi ọdún kọ̀ọ̀kan wé ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ìdúnàádúrà kò burú. Wọ́n ń retí rẹ̀. Ọ́fà mìíràn lọ́wọ́ ni ohun ìjà tó lágbára jù. Bí kò bá sí, ẹ bi wọ́n nípa ìpele, nítorí ìpele ló ń gbé owó.

Ní ti físà: UK ní Skilled Worker, Jámánì ní Blue Card, Ireland ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ Critical Skills. Ti H-1B Amẹ́ríkà, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́, ààyè 85,000 lọ́dún, ìforúkọsílẹ̀ lóṣù kẹta fún iṣẹ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń gba London tàbí Dublin kọjá ná. Ẹ má fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ nílé kí físà tó jáde.

Bí wọ́n bá ní rárá, wọn kì í sábà sọ ìdí. Ẹ kọ gbogbo ìbéèrè tí ẹ rántí sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n wọlé, ọ̀pọ̀ wọn ni kò wọlé ní ìgbà àkọ́kọ́.

## Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́

1. Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ bi máníjà yín pé, “Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí lẹ máa rí tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ pé mo ń ṣe dáadáa?” Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ padà sí i.
2. Ẹ fi kóòdù kékeré kan wọlé kíá, ìbáà jẹ́ àtúnṣe ìlà méjì. Ẹ máa mọ ọ̀nà wọn.
3. Bí nǹkan bá dí yín lọ́nà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ béèrè. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti gbìyànjú. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta ja ìjàkadì ní ìkọ̀kọ̀ nítorí ojútì ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn, ẹni tó béèrè kì í jẹ wọ́n lọ́kàn.
4. Àríwísí lórí kóòdù yín kì í ṣe èébú. Àwọn ará ibẹ̀ lè kọ ìlà ogún sábẹ́ kóòdù ẹni tí wọ́n fẹ́ràn.
5. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹ kọ ìlà mẹ́ta: ohun tí mo ṣe, ta ló wúlò fún, kí ló yí padà. Nígbà tí ìgbéléwọ̀n bá dé, ìgbìmọ̀ tí kò mọ̀ yín ló tún máa ka ìwé nípa yín. Ẹ má kó kóòdù tàbí àṣírí ilé-iṣẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ má sì fi dátà iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Ọ̀rọ̀ tiyín nìkan ni kó wà níbẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yìí tún ní iṣẹ́ mìíràn. Ní oṣù kìíní 2023, Google kéde pé àwọn máa dá èèyàn bí 12,000 dúró. Amazon dá 27,000 dúró nínú ìpele méjì láàárín 2022 àti 2023. Àwọn tó mọ iṣẹ́ gan-an wà lára wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì gbọ́ ọ lórí ímeèlì láàárọ̀, tí láptọ́ọ̀pù ti kọ̀ láti ṣí. Ẹni tó wà lórí H-1B ní ọjọ́ 60 péré láti rí iṣẹ́ mìíràn tàbí yí ipò rẹ̀ padà. Ní UK, Home Office (ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó físà) sábà máa ń gé físà Skilled Worker sí ọjọ́ 60. Nítorí náà, ẹ tọ́jú owó oṣù mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé ní Ìbàdàn, kí CV yín máa jẹ́ ti oṣù yìí nígbà gbogbo, kí ẹ sì ní nọ́ńbà àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lórí fóònù tara yín.